Àìsàn ìfun bárakú lára ajá: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń yan ìtọ́jú tó yẹ

Ajá tó ṣu gbuuru fún ọjọ́ méjì lè jẹ́ pé ohun tó ṣà jẹ ló ń dà á láàmú, yóò sì lọ bó ṣe wá. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru, èébì, àìfẹ́ jẹun tàbí rírù bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe inú rírun lásán mọ́. Àìsàn ìfun bárakú ni, èyí tí àwọn dókítà ẹranko ń kọ sínú ìwé wọn ní chronic enteropathy. Ìfun ti wú. Ohun tí ara fi ń bá àrùn jà ti kọjú ìjà sí oúnjẹ, tàbí sí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti ń gbé inú ìfun láti ọjọ́ pípẹ́ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìfun tó bá rí báyìí kì í lè fa èròjà oúnjẹ sára bó ṣe yẹ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, àìsàn yìí kì í tán pátápátá. Ohun tí à ń lé ni pé kí ajá máa jẹun, kó máa ṣu dáadáa, kó má rù, kí ara sì tù ú. Ètò tó ń gbé wa débẹ̀ ò le: oúnjẹ ló ń ṣáájú, oògùn ń tẹ̀ lé e, nǹkan kan ṣoṣo la sì ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ oúnjẹ lónìí, tó fi oògùn kún un lọ́la, tó tún da probiotic (àwọn kòkòrò rere fún ìfun) lé e lọ́tùn-únla, bí ajá bá yá, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Bí kò bá sì yá, kò ní mọ èyí tó dá kún un. Ibì kan wà tí ètò yìí kò ti bá a mu. Ẹ máa rí i ní ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe nílé láìnáwó, òun ló wúlò jù. Bó bá jẹ́ ìfun kékeré ló ń ṣàìsàn, ìgbẹ́ máa ń pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń ṣàn, ajá máa ń rù, ó sì lè máa bì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, á ti dúdú. Bó bá jẹ́ ìfun ńlá ni, ajá á máa jáde léraléra, á lóṣòó títí, díẹ̀ báyìí ni yóò sì jáde, pẹ̀lú ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ pupa lára rẹ̀. Irú ajá yìí kì í sábà rù. Méjèèjì tún lè dà pọ̀. Dókítà yóò lo ìyàtọ̀ yìí láti mọ irú oúnjẹ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbìyànjú, àti ibi tí kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun máa gbà wọlé bó bá dé orí ìyẹn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fún nǹkan mẹ́fà ní máàkì láti 0 dé 3: ìṣesí ajá, bó ṣe ń jẹun, èébì, bí ìgbẹ́ ṣe rọ̀ sí, iye ìgbà tó ń ṣu lójúmọ́, àti bó ṣe rù sí. 0 ni pé kò sí ìṣòro, 3 ni pé ó burú gan-an. Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn dókítà náà ń lo òṣùwọ̀n yìí, wọ́n ń pè é ní CIBDAI: bí àròpọ̀ bá wà láàárín 0 sí 3, kò tíì tó nǹkan, 4 sí 5, ó rọra wà níbẹ̀, 6 sí 8, ó ti wọra, 9 sókè, ó ti le. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ìgbẹ́ tó bá ṣàjèjì, nítorí “ó rọ̀ díẹ̀” tí ẹ̀yin ń wí lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí dókítà ní lọ́kàn.

Ẹ máa wọn ajá lórí òṣùwọ̀n kan náà. Bó bá ṣeé gbé, ẹ gbé e mọ́ra gorí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà nìkan. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí, kí ẹ tún fọwọ́ kan òkè orí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Bí eegun bá ti ń yọ síni lọ́wọ́ níbi tí ẹran ara wà tẹ́lẹ̀, ó ti ń pàdánù iṣan nìyẹn, kódà bí omi tó kún inú rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ rí i dájú pé kì í ṣe nǹkan mìíràn

Àìsàn tó jọ ti ìfun pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì rọrùn láti wò ju èyí lọ. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá.

Aràn àti Giardia, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ìfun, ló kọ́kọ́ yẹ kí a yọ kúrò. Giardia kì í jáde nínú ìgbẹ́ lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ kó ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí àyẹ̀wò kò bá tilẹ̀ rí nǹkan kan, ọ̀pọ̀ dókítà ṣì máa ń fún ajá ní fenbendazole, 50 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí aràn kan wà tí ẹyin rẹ̀ máa ń sá pamọ́ fún ẹ̀rọ awò-kòkòrò.

Ẹ wá béèrè nípa cortisol, họ́mọ̀nù kan tí ara ń ṣe. Àìsàn Addison, níbi tí ẹṣẹ́ (gland) kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín kò ti ṣe họ́mọ̀nù tó mọ́, máa ń fara jọ àìsàn ìfun gan-an: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, àárẹ̀, tí yóò lọ tí yóò tún padà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ló ń yanjú rẹ̀: bí cortisol ajá bá lé ní 2 µg/dL, kì í sábà jẹ́ Addison. Àyẹ̀wò yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú prednisolone, oògùn kan tó ń tẹ ìjà ara rì, torí pé oògùn náà máa ń da èsì àyẹ̀wò rú.

Ajá tó ń jẹun bí ẹni pé kò jẹun rí, tó sì ń gbẹ síbẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó sì lọ́ràá, ó lè jẹ́ pé pancreas rẹ̀ ni kò ṣe èròjà tó ń da oúnjẹ. Irú ajá German Shepherd ló máa ń ní in jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TLI ló ń fi í hàn, ebi sì gbọ́dọ̀ wà nínú ajá kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, wọ́n á wo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, wọ́n á sì fi skáànù wo inú rẹ̀ bóyá kókó wà níbẹ̀ tàbí ohun kan ló há sí ìfun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo albumin kí ẹ tó pinnu ohunkóhun

Ibí ni ọ̀nà ti yà. Albumin ni purotéènì tó ń di omi mú sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ìfun bá ti bàjẹ́ dé àyè kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í jò ó dànù. Bí albumin bá ṣì wà ní ìwọ̀n tó yẹ, tí ajá ń jẹun, tó ń ṣeré, ẹ ní àyè láti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ dán oúnjẹ wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún dán òmíràn wò.

Bó bá ti lọ sílẹ̀ ju 2.0 g/dL lọ (àwọn ilé àyẹ̀wò mìíràn máa ń kọ ọ́ ní 20 g/L), ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú, àyà tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan, kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa ajá lójijì. Nínú irú ipò yìí, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tí kò lọ́ràá, oògùn tó ń tẹ ìjà ara rì, àti clopidogrel tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ohun tó tọ́ nìyẹn. Yorkshire Terrier wà lára àwọn tó máa ń kó sínú wàhálà yìí jù.

Ẹ gbé ajá lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru, bí inú rẹ̀ bá ń wú, bó bá ń mí gúlegúle, bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú tó sì ń lẹ̀, bó bá ṣubú lulẹ̀, tàbí tí kò fẹnu kan oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan tó sì tún ń bì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oúnjẹ

Nínú àwọn ajá tó ní àìsàn yìí, àwọn tí oúnjẹ nìkan ń wò sàn pọ̀ ju àwọn tó kù lọ. Síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Wọ́n á pààrọ̀ àpò oúnjẹ kan sí òmíràn, láìmọ̀ pé adìẹ àti màlúù kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Oríṣi mẹ́rin ni dókítà máa ń mú yàn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ara kò fi ní dá a mọ̀ pé ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́ ni. Hydrolysed ni wọ́n máa ń kọ sára àpò rẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ẹran tí ajá náà kò jẹ rí ṣe. Kí ìyẹn tó ṣeé yàn, ẹ ní láti jókòó kọ gbogbo ohun tó ti jẹ láti kékeré sílẹ̀, títí kan ìpápánu. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré gan-an, fún ajá tí àwọn ọ̀nà tó ń gbé ọ̀rá kúrò nínú ìfun rẹ̀ ti wú. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí fáíbà rẹ̀ pọ̀, fún àìsàn ìfun ńlá. Psyllium, fáíbà inú èèpo hóró kan, tí a pò mọ́ oúnjẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí náà. Bó bá jẹ́ èmi ni, tí ajá ń rù tó sì ń ṣu gbuuru láìsí ohun tó ń tọ́ka síbòmíràn, èyí tí wọ́n gé purotéènì rẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò ní kí n rántí gbogbo ohun tó jẹ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó wọ́n, àwọn ajá kan kì í sì í fẹ́ ẹ lẹ́nu.

Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún sí méje pò ó mọ́ oúnjẹ àtijọ́ díẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi ku tuntun nìkan. Ẹ máa pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ajá tí oúnjẹ máa bá lára mu sábà máa ń fi hàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá tún ń yún un lára, ìyẹn lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó rọlẹ̀. Bí àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́, tí albumin ṣì dúró, ẹ gbìyànjú oríṣi mìíràn kí ẹ tó bọ́ sórí oògùn. Ajá tó kọ èyí tí wọ́n gé purotéènì rẹ̀ lè gba èyí tí kò lọ́ràá.

Láàárín àkókò yìí, nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀. Wíwí rẹ̀ rọrùn, ṣíṣe rẹ̀ ló kù. Ẹ wo oògùn aràn oṣooṣù tí wọ́n fi adùn ẹran sí, ẹ wo ọṣẹ ìfọyín ajá, ẹ wo kápúsù tí wọ́n fi awọ màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, ẹ wo àwo oúnjẹ ológbò àti ibi tí ológbò ń ṣu sí. Ọmọ kékeré tó ń jẹun káàkiri ilé ni ọ̀tá tó burú jù, nítorí ajá mọ̀ pé abẹ́ àga ọmọ ni oúnjẹ ti ń rọ̀. Ẹ máa gbé ajá sí yàrá mìíràn nígbà tí ilé bá ń jẹun, kí ẹ sì sọ fún àlejò àti àwọn ìyá àgbà tó máa ń ṣàánú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fún un ní hóró oògùn, ẹ má fi wàràkàṣì tàbí ẹran bò ó. Ẹ ra agolo kan nínú oúnjẹ tuntun yẹn, èyí tó rọ̀, kí ẹ fi ìka yí díẹ̀ roboto, kí ẹ ti oògùn bọ inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní òfìfo kan, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú èyí tí oògùn wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ti mú ẹ̀kẹta dání kó lè yára gbé e mì.

Sísè fún ajá nílé ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹran àti ìrẹsì lásán kò ní kálísíọ́ọ̀mù, síńkì àti àyódíìnì tó bó ṣe yẹ. Bó bá máa pẹ́, kí dókítà tó mọ̀ nípa oúnjẹ ẹranko ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ fún yín. Ẹ má fún un ní ẹran tútù, pàápàá bó bá ń lo oògùn tó ń tẹ ìjà ara rì.

Bí oúnjẹ bá ti wò ó, ẹ jẹ́ kó dúró lórí rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan lè padà sórí oúnjẹ àtijọ́ láìsí wàhálà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fítámì B12

Ìfun tó ń ṣàìsàn kì í lè fa B12 sára, bẹ́ẹ̀ B12 tó lọ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí ìfun sàn. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀. Hóró tí ajá ń gbé mì ń ṣiṣẹ́ tó abẹ́rẹ́: 250 máíkírógíráàmù lójúmọ́ fún ajá tí kò tó kílò 10, 500 fún èyí tó wà láàárín 10 sí 20, 1000 fún èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ike rẹ̀ wò kí ẹ rí i pé kò sí xylitol, ohun adùn kan tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà, níbẹ̀. Májèlé ni fún ajá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó gba oògùn apakòkòrò

Metronidazole àti tylosin ni wọ́n máa ń fúnni jù. Òótọ́ ni pé ìgbẹ́ lè le láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí oògùn bá ti tán báyìí, ìgbẹ́ gbuuru á padà, àwọn kòkòrò rere inú ìfun á sì ti kú púpọ̀, wọ́n sì lè pẹ́ kí wọ́n tó padà. Metronidazole tó bá pọ̀ jù tún lè mú kí ajá máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ojú rẹ̀ máa yí, kí gìrì sì mú un. Lójú tèmi, apakòkòrò kò yẹ kó wà níwájú oúnjẹ láé fún ajá tí ara rẹ̀ ṣì le.

Irú ajá Boxer àti French Bulldog ló lè yàtọ̀. Oríṣi àìsàn ìfun ńlá kan wà tó máa ń bá wọn jà, tí kòkòrò E. coli máa ń wọ inú ògiri ìfun lọ. Enrofloxacin ló ń wo ìyẹn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá kòkòrò náà ṣì ń gbọ́ràn sí oògùn yìí lẹ́nu.

Probiotic kì í sábà pa ajá lára, àǹfààní rẹ̀ kò sì pọ̀ púpọ̀. Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ pààrọ̀ oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: ṣé kí wọ́n ki kámẹ́rà bọ ìfun?

Bí oúnjẹ méjì kò bá ṣiṣẹ́, dókítà lè ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀, kí wọ́n gé ẹran wínníwínní lára ìfun. Àyẹ̀wò yìí lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni, bóyá àwọn ọ̀nà ọ̀rá ló wú, bóyá kòkòrò wà nínú ẹran ìfun. Kò lè sọ irú oúnjẹ tàbí oògùn tí yóò wò ó. Ìfun tí oúnjẹ máa wò àti èyí tí prednisolone máa wò lè rí bákan náà lábẹ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ bi dókítà pé: “Bí èsì bá jáde, kí ló máa yí padà nínú ìtọ́jú?” Bí ajá bá ti dàgbà, tó ń rù kíákíá, tàbí tí skáànù fi hàn pé ògiri ìfun rẹ̀ nípọn lọ́nà tó ṣàjèjì, ìdáhùn ìbéèrè yẹn sábà máa ń pọ̀ tó láti gbà á.

Bí ẹ bá máa ṣe é, kó ṣáájú prednisolone. Oògùn yẹn lè bo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó sì jẹ́ kí ìtọ́jú rẹ̀ le sí i lẹ́yìn náà. Bí owó kò bá sí, tàbí tí ajá kò lágbára tó láti gba oògùn oorun, a ṣì lè dán prednisolone wò láìṣe àyẹ̀wò yìí. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú pé bí kò bá ṣiṣẹ́, àyè tí ẹ ti lè mọ ìdí rẹ̀ lè ti kéré sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àwọn oògùn tó ń tẹ ìjà ara rì

Prednisolone ló ń ṣáájú. 1 sí 2 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ajá ńlá kì í sábà nílò òkè ìwọ̀n yẹn. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa dín in kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì sí mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara ti fi ṣíṣe tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ pò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìrora bíi carprofen tàbí meloxicam. Ọgbẹ́ inú ló máa ń bí.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nílé. Ajá á máa mu omi gan-an, á sì máa tọ̀ gan-an, òru pàápàá. Ebi á máa pa á débi pé èyí tí kò jíjà rí lè dúró ti àwo rẹ̀ máa kùn. Á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá pẹ́, iṣan ara rẹ̀ á máa gbẹ, àìsàn mìíràn á sì lè tètè ràn án. Bí èyí bá pọ̀ jù, dókítà lè fi budesonide, oògùn tó jọ ọ́, rọ́pò rẹ̀, tàbí kó fi oògùn kejì kún un, bíi ciclosporin tàbí chlorambucil, kí prednisolone lè dín kù. Chlorambucil gba kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, kí ẹ sì máa wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ kàn án.

Ẹ má ṣe yọ oúnjẹ pàtàkì yẹn kúrò nítorí pé oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, oúnjẹ ló sì lè jẹ́ kí oògùn kéré.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bó bá tún padà

Á padà nígbà mìíràn. Kí ẹ tó gbé ìwọ̀n oògùn sókè, ẹ béèrè nínú ilé bóyá ó jí nǹkan jẹ, ẹ ka hóró oògùn tó kù bóyá ẹnì kan gbàgbé láti fún un, kí ẹ sì gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò aràn. Bí gbogbo ìyẹn kò bá jẹ́ nǹkan kan, ẹ padà sórí ìwọ̀n oògùn tó kẹ́yìn tí ara rẹ̀ fi dá, pẹ̀lú àṣẹ dókítà.

Àwọn ajá kan wà tí kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Bí ẹ bá ṣí ìwé yín, tí ọjọ́ tí kò fẹ́ jẹun tí kò sì fẹ́ dìde ti ju ọjọ́ tó dára lọ fún oṣù kan, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ tààrà nípa bóyá ó tó àsìkò láti jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rí tó wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ ni òdìkejì rẹ̀: ajá tó ń dára, tí olówó rẹ̀ ṣì ń lé ìgbẹ́ tó le pátápátá. Bí ajá bá wà ní 2 tàbí 3 lórí òṣùwọ̀n yẹn pẹ̀lú oògùn díẹ̀, tí kò rù, tí albumin rẹ̀ dúró, tó ń sáré pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, èmi ò ní fi oògùn kún un nítorí pé ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.